Ẹ̀yìn Bàbá Mi

Ẹ má bi mí léèrè iye ìgbà tó gbé bọ́ọ̀lù sáré.
Lọ́dún mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kàn án,
lọ́jọ́ òjò kan, ní Cleveland,
nígbà tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín,
tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ẹrẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n lé.
Bàbá mi dùbúlẹ̀ lé e lórí.
Èèyàn mẹ́jọ dùbúlẹ̀ lé bàbá mi lórí.
“Ó gbóná,” ló sọ fún wa, “bí búrẹ́dì tuntun.”

Ladislav Hrabik ló wà nínú ìwé ìrìbọmi,
Láàdì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu kòtò èédú
ní Pennsylvania, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbé ọkùnrin mì láàárọ̀,
tó sì ń pọ̀ wọ́n lálẹ́, ní dúdú.
Bàbá tirẹ̀ ń wúkọ́ èédú sínú àwo funfun.
Nígbà tí àwọn ará Ohio mú ìwé àdéhùn wá,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ́dún,
òun ni yóò ra bàtà ara rẹ̀,
ìyá rẹ̀ fi èdè Slovak bi wọ́n pé,
“Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà?”
Wọ́n ní rárá o, orí koríko ni.
Ó ní kó máa lọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro ṣàlàyé:
ọwọ́ kan nílẹ̀, ìdí lókè,
ojú ọ̀tá kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí tìrẹ,
o ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tó jẹ láàárọ̀.
Kí o ṣí i nípò bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà,
kí ẹlòmíràn gba ibẹ̀ kọjá
lọ sínú ìwé ìròyìn.

Dwain Ketteridge ni ẹlòmíràn náà, ọmọ Indiana, ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́.
Nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi wà létí,
níbi tí wọ́n ti gé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń rí i.
Wọ́n á pa iná, kóòṣì á tan sinimá,
á ní, “Láàdì, wo ẹsẹ̀ rẹ,” á dá a padà sẹ́yìn:
àwọn tó ti ṣubú á dìde láìfọwọ́tilẹ̀,
ẹrẹ̀ á fò kúrò lára ẹ̀wù padà sílẹ̀,
bàbá mi á fẹ̀yìn rìn lọ sí àyè rẹ̀,
ọmọkùnrin tí ohunkóhun kò tíì ṣe rí.
Lẹ́yìn náà, kóòṣì á jẹ́ kó máa lọ síwájú.

Ọdún kẹta, eyín méjì.
Ọdún karùn-ún, orúnkún ọ̀tún; dókítà fa omi inú rẹ̀, ó ní kó padà wọlé.
Nígbà ooru ó ń ru sìmẹ́ńtì,
torí owó bọ́ọ̀lù kì í bá wọn dé oṣù Kẹrin.
Ìka ọwọ́ rẹ̀ kò pa dé mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé kọ́ọ̀pù.

Lọ́dún 1958, wọ́n rán ọmọdé kan sí i:
“Kóòṣì ń pè ọ́. Mú ìwé eré rẹ dání.”
Ó délé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.
Màmá mi wo aago, ó wo ojú rẹ̀,
ó bu ọbẹ̀ sí i.

Ó ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ táyà fún ọdún mọ́kànlélógún,
ó ń ṣí i, ó ń tì í.

Ketteridge wá síbi ìsìnkú, ó ti sanra, ó ń tẹ ọ̀pá.
Ó wo inú pósí títí ara fi ń fu mí.
“Mi ò rí ojú rẹ̀ tó báyìí rí,” ó ní.
“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀.”
Ó ní òun máa ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ níbàdí, kó lè mọ ibi tí àwọn ń lọ.
Ó na ọwọ́, ó fi hàn mí lára èmi fúnra mi.
“Òsì,” ó ní.
Ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó mọ̀.